Àwọn Tó Ń Tọ́jú Ẹ̀rọ ní Crossness

Púpọ̀ nínú yín ti rìn lórí Ridgeway rí, ọ̀nà gíga tó ti ẹ̀bá ibùdókọ̀ ojú irin Plumstead lọ sí Thamesmead. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín níbẹ̀? Ihò ńlá tí wọ́n fi bíríkì mọ ni. Òun ló ń gbé omi ẹ̀gbin gúúsù Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Crossness, létí odò Thames, ó sì ti lé ní 150 ọdún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́.

Kí wọ́n tó ṣe é, inú odò Thames ni ẹ̀gbin ìlú ń dà sí, odò yìí kan náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mu. Àrùn onígbáméjì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1858, òórùn odò náà le débi pé wọ́n ń rẹ aṣọ fèrèsé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin sínú oògùn tó ń pa òórùn. Ìgbà tí òórùn dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin gan-an ni owó tó jáde! Joseph Bazalgette, ẹnjiníà ìlú, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún.

Omi ẹ̀gbin máa ń dé Crossness ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀, nítorí náà ó di dandan kí ẹ̀rọ fà á sókè sínú àgbá ńlá kan, kí wọ́n tó tú u sódò nígbà tí omi òkun bá ń fà sẹ́yìn. Ẹ̀ńjìnnì mẹ́rin tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ni ilé iṣẹ́ James Watt rọ fún wọn. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1865, ọmọ Ọbabìnrin Victoria wá ṣí i. Wọ́n fi orúkọ ọbabìnrin, ọkọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ sọ àwọn ẹ̀ńjìnnì náà: Victoria, Prince Consort, Albert Edward, Alexandra. Ìtì irin tó ń lọ sókè sódò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó tọ́ọ̀nù 47, kẹ̀kẹ́ ńlá rẹ̀ sì tó tọ́ọ̀nù 52. Bí ẹ̀ńjìnnì kan bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó ti fa omi ẹ̀gbin tọ́ọ̀nù 6 sókè, ó sì lè yí nígbà 11 láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ẹ rò ó wò: bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá dákẹ́, ibo ni ẹ̀gbin yóò gbà? Àǹfààní kan nínú pé wọ́n jẹ́ mẹ́rin nìyẹn. Bí wọ́n bá dá ọ̀kan dúró láti tún un ṣe, àwọn yòókù á máa bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n iye nìkan kò tó. Irin tó ń ha irin láìsí epo láàárín wọn á gbóná, á jẹ ara rẹ̀, á sì gan. Ẹnìkan ní láti máa ko èédú síná, ẹnìkan ní láti máa fi epo sí oríkèé ẹ̀rọ, kí ó máa tẹ́tí sí ìró rẹ̀, kí ó sì mọ̀ pé ìró ti yàtọ̀ kí nǹkan tó kán. Ojoojúmọ́ ni, tọ̀sán tòru. Kò sí ẹ̀ńjìnnì kankan tó ń jẹ́ orúkọ àwọn wọ̀nyí.

Ní àárín àwọn ọdún 1950, ẹ̀rọ ìgbàlódé gba iṣẹ́, wọ́n sì fi àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀. Wọ́n dógùn-ún, àwọn ọmọ ìta bà wọ́n jẹ́, iyanrìn kún inú ẹ̀rọ ìfami wọn. Iṣẹ́ nǹkan bí 90 ọdún kò pa wọ́n, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí 30 ọdún láìsí olùtọ́jú parí wọn. Ní 1987 ni àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn dá ẹgbẹ́ Crossness Engines Trust sílẹ̀. Wọ́n ń ha ìpáàrà kúrò, wọ́n ń kó iyanrìn jáde, wọ́n ń tú bóòtù tó ti lẹ̀ mọ́ra. Ọdún 2003 ni Prince Consort tó tún fi ooru omi yí.

Ọ̀rọ̀ bóòtù yìí kan Woolwich. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Henry Maudslay sí ní 1771, ọmọ ọdún 12 sì ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arsenal. Láyé ọjọ́un, bóòtù àti nọ́ọ̀tì dà bí tọkọtaya: èyí tí wọ́n bá ṣe pọ̀ nìkan ló ń bá ara wọn mu. Bí ọ̀kan bá sọnù, èkejì di pàǹtí. Maudslay ṣe ẹ̀rọ tó ń gé ojú bóòtù sí ìwọ̀n kan náà. Joseph Whitworth, tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ló wá dábàá ìwọ̀n kan fún gbogbo Bìrìtìkó ní 1841. Láìsí èyí, kò ní sí pé à ń ra pááàtì lọ́jà.

Àwa Yorùbá mọ ọjọ́ ìṣílé ṣe dáadáa, pẹ̀lú ìlù àti aṣọ ẹbí. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, omi ẹ̀rọ á dákẹ́, jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn á kọ̀ láti dìde, ẹnikẹ́ni kò sì ní rántí ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ epo rẹ̀ kẹ́yìn. Síbẹ̀, bí ọmọ bá sọ nílé pé iṣẹ́ títọ́jú ẹ̀rọ lòun fẹ́ kọ́, ojú òbí á rẹ̀wẹ̀sì, bí ẹni pé dókítà àti lọ́yà nìkan ló ń jẹun. Woolwich Polytechnic, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1890 kí àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ lè kẹ́kọ̀ọ́, ló di University of Greenwich lónìí.

Ẹ lè gba Ridgeway lọ sí Crossness, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí i. Bí ẹ bá débẹ̀, ojú á kọ́kọ́ lọ sókè sí ìtì irin náà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wá àwọn ife epo kéékèèké tó wà lára oríkèé rẹ̀, kí wọ́n sì kà á, kí wọ́n wá sọ iye rẹ̀ fún mi.