Ohun Tó Ń Gé Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Kúrú

Bí aláìsàn jẹjẹrẹ bá bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú onítànṣán tí kò sì parí rẹ̀, àwọn ènìyàn a máa sọ pé kò ní ìfaradà. Ìtàn ìtọ́jú náà fi hàn pé ọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1895 ni Wilhelm Röntgen, ará Jámánì, ṣàwárí ìtànṣán tí a fi ń ya àwòrán egungun. Kò pẹ́ tí àwọn dókítà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi bá jẹjẹrẹ jà. Ṣùgbọ́n bí ìtànṣán bá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà, a máa jó ara. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, Claudius Regaud àti Henri Coutard fi hàn ní ìlú Paris pé ó sàn kí a pín in sí ọjọ́ púpọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Títí di òní, ọ̀pọ̀ aláìsàn ń lọ gba ìtànṣán ní ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

Ọgbọ́n yìí gba ara là, ṣùgbọ́n ó sọ owó ọkọ̀, ibùsùn àti iná mànàmáná di ara ìtọ́jú. Bí àlàfo bá sì pọ̀, jẹjẹrẹ a tún máa gbèrú. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń fẹ́ kí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ parí láàárín ọ̀sẹ̀ 8.

Ẹ jẹ́ kí a wo orílẹ̀-èdè Uganda. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala. Ní ọdún 2016, ó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Àwọn kan ní láti lọ sí Nairobi ní Kenya kí wọ́n tó rí ìtọ́jú. Oṣù kìíní ọdún 2018 ni wọ́n tó ṣí ẹ̀rọ tuntun. Ṣé ìfaradà ni àwọn aláìsàn wọ̀nyẹn kò ní?

Ní Nàìjíríà náà, ẹ̀rọ kò pọ̀, àpò ara ẹni ni ọ̀pọ̀ sì fi ń sanwó. Ní ọdún 2019, wọ́n ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun sí LUTH ní Èkó. Ìtẹ̀síwájú ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá ṣì ní láti wá ibi tí yóò sùn. Ìtọ́jú náà sì lè mú kí ó rẹ ènìyàn, tàbí kí ẹnu dégbò débi pé oúnjẹ kò ní ṣeé gbé mì.

Nítorí náà, kí ìjọba pèsè ẹ̀rọ tó pọ̀ tó àti ilé ibùwọ̀ fún aláìsàn. Kí àwa ẹbí sì máa béèrè lọ́wọ́ aláìsàn wa pé: ta ni yóò sìn ọ́ lọ lọ́la?