Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ọmọ Lawal, Àwọn Ọmọ Aminu àti Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀

"Ọ̀nà kan kò wọ ọjà." Òwe yìí la fi ń rẹ ẹni tí nǹkan kò ṣẹnuure fún lẹ́kún. Ọmọ fìdí rẹmi nínú ìdánwò, a pa á fún un. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ baálé ilé, àwọn aládùúgbò á pa á. A ti pa á lórí ìkùnà títí tí a fi gbàgbé pé kò sí ìkùnà kankan nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí ó sọ kò ju pé ọ̀nà ọjà pọ̀ lọ. Kò ní àwọn ọ̀nà náà dọ́gba, kò sì ní wọn kò ní oníbodè.

Ará Ọ̀tà kò nílò ẹni tí yóò là á yé e. Ẹni tó ń ti Èkó bọ̀ lè gba Alákùkọ já sí Sángò. Ó sì lè yí gba Àgbárá, kí ó la Lùsadà kọjá, kí ó yọ ní Àtàn. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà tó lọ sí etí òkun wà lára ohun tó mú kí àwọn Ẹ̀gbá gbógun ti ìlú yìí, tí wọ́n sì ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1842. Ní 2004 ni ìjọba àpapọ̀ fòpin sí gbígba owó lójú títì, síbẹ̀ àwọn kọ́ńdọ́ ṣì ń pariwo "Tóògéètì!" ní Sángò dòní olónìí.

Àwọn tí òwe náà bá mu jù lójú mi ni àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n dàgbà sí Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ jẹun nílẹ̀ onílẹ̀. Àwọn èèyàn a máa wí pé, "Kò rí NBA wọ̀ ló fi lọ sí òkèèrè." Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti fi ọ̀nà pe ọjà. Ẹgbẹ́ 30 ló wà ní NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àgbà ti Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ kan kì í sì í ju ẹni 15 lọ lórí àdéhùn gidi. Ìyẹn ni pé àyè 450 ló wà fún gbogbo ayé. Bí ó bá jẹ́ ọjà nìyẹn, ọjà ọ̀hún kéré.

Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù kẹfà 2010, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ń mú ọmọ tuntun, wọ́n pe ọmọkùnrin méjì tó jáde ní ilé-ìwé girama Norcross, nítòsí Atlanta. Al-Farouq Aminu ni ẹni kẹjọ. Clippers ló mú un. Gani Lawal, tí í ṣe Ganiyu Ọládiméjì, jókòó títí ó fi kan nọ́ńbà 46 kí Phoenix Suns tó pè é. Owó ẹni tó bá wà nínú 30 àkọ́kọ́ dájú. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn wọn, ohun tí òun àti ẹgbẹ́ bá jọ ṣàdéhùn ni. Aminu lo sáà 11 ní NBA. Ìdíje kan ṣoṣo ni Gani gbá níbẹ̀, kò sì pẹ́ lórí pápá. Wọ́n rán an lọ sí Iowa, nínú líìgì kékeré, ibẹ̀ sì ni iṣan orúnkún rẹ̀ ti já ní oṣù kìn-ín-ní 2011.

Lẹ́yìn èyí ló gba ọ̀nà kejì. Ó gbá bọ́ọ̀lù ní Zielona Góra ní Poland, ó kọjá sí Roma, òun àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dé àṣekágbá líìgì Ítálì ní 2013, wọ́n pàdánù. Ó bọ́ sí Milan. Ní 2014, Milan gba ife ẹ̀yẹ tí ọwọ́ wọn kò tẹ̀ fún ọdún 18, lẹ́yìn ìdíje méje pẹ̀lú Siena. Ta ló kùnà níbẹ̀ yẹn?

Aládé Aminu, ẹ̀gbọ́n Al-Farouq, tó bá Gani gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì Georgia Tech, ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ tirẹ̀ nígbà tí NBA ń mú ọmọ tuntun ní 2009. Òun náà dèrò òkèèrè. Ní ìdíje Olympics ti London 2012, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jọ wọ ẹ̀wù Nàìjíríà, Amẹ́ríkà tó tọ́ wọn dàgbà sì nà wọ́n ní 156 sí 73. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Iṣẹ́ ọ̀hún gan-an ńkọ́? Àdéhùn ọdún kan ló wọ́pọ̀. Ẹgbẹ́ a fún agbábọ́ọ̀lù ní ilé, a sábà fún un ní ọkọ̀, a san owó bàálù. Ṣùgbọ́n kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, dókítà a tẹ orúnkún rẹ̀ wò, a yí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Bí ohun tí ó rí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, àdéhùn lè di ìwé lásán. Ẹni tó ti dúró lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ ní Ọ̀tà láàárọ̀ kùtù, tí fọ́ọ̀mán ń nawọ́ sí "ìwọ, ìwọ, àti ìwọ", mọ irú ayé yìí. Owó ló yàtọ̀. Ohun tí kásúà Ọ̀tà kò ní ni ìgbìmọ̀ onídàájọ́ tí FIBA, àjọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àgbáyé, dá sílẹ̀ ní Geneva ní 2007. Bí ẹgbẹ́ bá jẹ agbábọ́ọ̀lù lówó, adájọ́ kan ṣoṣo ni yóò gbọ́ ẹjọ́ náà, ohun tó tọ́ tó sì yẹ ni yóò sì fi dá a. Ẹgbẹ́ tó bá kọ̀ tí kò san, wọ́n lè dí i lọ́wọ́ kí ó má gba ẹni tuntun mọ́.

Oníbodè tó le jù ni ti ìwé ìrìnnà. Líìgì púpọ̀ ní Yúróòpù ló fi iye lé àlejò. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà 2000, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Kàríbíánì àti Pàsífíìkì bá Àjọ Yúróòpù ṣe àdéhùn kan ní Kùtọnu, ìlú tí títì Ọ̀tà sí Ìdírókò dojú kọ. Ní 2003, ilé-ẹjọ́ Yúróòpù dá Maros Kolpak láre, ará Slovakia tó ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ní Jámánì: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́nà tó bófin mu, tí àdéhùn sì so ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ Yúróòpù, wọn kò gbọdọ̀ fi iye àlejò dí i lọ́nà. Bí líìgì Spain ṣe ní àwọn tí wọ́n ń pè ní "Cotonou" nìyẹn, tí wọn kì í kà mọ́ àlejò. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 25, sì sọ pé ọmọ Nàìjíríà ni ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ibi yòówù kí wọ́n bí i sí. Ìwé ìrìnnà aláwọ̀ ewé tí ọ̀dọ́ Sángò ń tò fún kí ó lè rí ọ̀nà sá kúrò nílé, òun ni ọmọ tí wọ́n bí sí Atlanta lè mú jáde kí ilẹ̀kùn Spain tó ṣí.

Ní oṣù kẹfà 2024, Nàìjíríà buwọ́ lu àdéhùn Samoa. Ariwo ta káàkiri, ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ni gbogbo rẹ̀ sì dá lé. Àdéhùn yẹn gan-an ló rọ́pò ti Kùtọnu, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni lórí rédíò béèrè ibi tí ó fi àwọn tó ń fi ìwé aláwọ̀ ewé jẹun lórí pápá Spain sí.