Ọgbà òjò: bẹ́ ẹ ṣe lè tọ́jú ẹ̀ látọdún dé ọdún

Ọgbà òjò ni kòtò tí kò jìn, tí wọ́n gbin òdòdó àti koríko sí, kí omi òrùlé lè wọlẹ̀ níbẹ̀ dípò kó ya bo ojú títì. Ìpínlẹ̀ Maryland, l'Amẹ́ríkà, ni orúkọ yìí ti gbajúmọ̀ ní nǹkan bí 1990. L'Ékòó tí íńtálọ́ọ̀kì ti bo gbogbo kọ́ńpáùndì, ó wúlò gan-an. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá pa á tì, ilé ẹ̀fọn lẹ kọ́ yẹn.

Fẹ́búárì sí Máàṣì niṣẹ́ pọ̀ jù. Ẹ kó ewé gbígbẹ, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ẹrẹ̀ ọdún tó kọjá kúrò. Ẹrẹ̀ yẹn gan-an ló ń dí ojú ilẹ̀, tómi ò fi ní ráyè wọlé. Ẹ fi ọkọ́ tú ibi tó bá ti le.

Lẹ́yìn òjò ńlá, omi gbọ́dọ̀ gbẹ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, torí náà tómi bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin, ẹ tún ibẹ̀ tú. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi tu koríko o. Oògùn apakoríko lè dé kànga aládùúgbò.

Tí òjò bá sinmi nínú oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, ẹ to òkúta síbi tí àgbàrá ti gbẹ́ ilẹ̀. Nígbà ọyẹ́, èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn nìkan ni kẹ́ ẹ máa bomi rin.