Ìjọba àti Igi Alálẹ̀pọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Wisconsin

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Òwe yìí kò mọ sí ọ̀rọ̀ ènìyàn nìkan. Ó bá igi náà mu. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo, ọmọdé lè dá a sí méjì. Ṣùgbọ́n bí a bá to ọ̀pọ̀ irú pákó bẹ́ẹ̀ léra, tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀, tí a sì fún wọn mọ́ra títí gọ́ọ̀mù náà fi gbẹ, wọn yóò di igi kan tí ó lè gbé òrùlé gbọ̀ngàn ńlá dúró láìsí òpó kankan láàárín. Ní ọdún 1906 ni Otto Hetzer, ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà ní ìlú Weimar ní ilẹ̀ Jámánì, gba ìwé àṣẹ lórí irú igi alálẹ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀, tí a tẹ̀ bí ọrun. Síbẹ̀, ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí iṣẹ́ náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Kí ni ó dá a dúró? Ta ni ó sì là á lọ́nà?

Max Hanisch, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó gbé ìmọ̀ náà wọ Amẹ́ríkà ní ọdún 1923. Ó fi ìlú Peshtigo ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ṣe ibùgbé. Ìlú yìí mọ oró iná: ní ọjọ́ 8 oṣù October, ọdún 1871, iná igbó jó o run, ẹ̀mí tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún sì bá a lọ. Ní ọdún 1934, nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn eré ìdárayá fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìlú náà, Hanisch dábàá igi alálẹ̀pọ̀, àwọn akànkọ̀ Peshtigo sì bá a ṣe é.

Ìgbìmọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ náà, tí àṣẹ ilé kíkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kọ̀ jálẹ̀. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Abẹ́ òrùlé náà ni àwọn ọmọ ilé-ìwé yóò ti máa ṣeré. Wàrà ni a sì fi ń ṣe gọ́ọ̀mù ìgbà náà. Níkẹyìn, wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní dandan ni kí a fi bóòtù àti ìdè irin kún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣirò àwọn ọ̀mọ̀lé fi hàn pé kò nílò wọn.

Níbí ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí a kò tíì dán wò kì í rí àṣẹ gbà. Ohun tí kò rí àṣẹ gbà, a kì í fi kọ́lé. Bí a kò bá sì fi kọ́lé, báwo ni a ó ṣe dán an wò? Oníṣòwò kan ṣoṣo kò lè já okùn yìí. Ìjọba àpapọ̀ ni ó já a. Láti ọdún 1910 ni ó ti dá ilé ìwádìí sílẹ̀ lórí ohun èlò igi ní ìlú Madison, pẹ̀lú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ Yunifásítì Wisconsin. Ní ọdún 1934 sí 1935, ilé ìwádìí yìí fi igi alálẹ̀pọ̀ kọ́ ilé tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ di àpò iyanrìn lé e, wọ́n sì wọn bí igi náà ṣe ń tẹ̀ sí. Ní ọdún 1939, T. R. C. Wilson tẹ àbájáde rẹ̀ jáde, ó sì di ohun tí ẹnjiníà gbogbo lè gbára lé. Nígbà tí irin wọ́n gógó lákòókò Ogun Àgbáyé Kejì, ìmọ̀ ti wà nílẹ̀. Ilé Madison náà sì lo ọdún 75 kí wọ́n tó wó o ní 2010.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Ní oṣù December, ọdún 2018, òfin àgbẹ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà pàṣẹ ìwádìí lórí lílo igi fún ilé gíga. Ní Milwaukee, nínú ìpínlẹ̀ Wisconsin kan náà, wọ́n ṣí ilé Ascent ní ọdún 2022. Àjà 25 ni ó ní: kọnkéré ni ti ìsàlẹ̀, igi ni 19 tí ó wà lókè. Ṣáájú èyí, ilé ìwádìí Madison ti ti òpó igi alálẹ̀pọ̀ rẹ̀ sínú iná fún wákàtí mẹ́ta. Ẹni tí ó bá ti fi ìtì igi dáná rí yóò mọ ìdí tí ó fi yè é: ìta igi ńlá a máa di èédú, èédú náà a sì máa dáàbò bo inú.

Láti iná Peshtigo títí dé iná àyẹ̀wò Madison, ẹ̀kọ́ kan náà ni ìtàn yìí kọ́ni. Ó tọ́ kí ìjọba máa ṣọ́ra fún ohun tuntun, nítorí ẹ̀mí ènìyàn ni ó wà lábẹ́ òrùlé. Ṣùgbọ́n ìjọba tí ó bá sọ pé “ẹ mú ẹ̀rí wá” gbọ́dọ̀ múra láti ná owó àti sùúrù tí ẹ̀rí ń gbà.