Ọ̀nà Àbọ̀

Aago 6:10 àárọ̀. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì jókòó sínú Volkswagen ìjàpá rẹ̀. Ó tan iná iwájú, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí, ṣùgbọ́n ó ń wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀: wọ̀ọ́, wọ̀ọ́, wọ̀ọ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tó gbaná. Ní gbogbo àsìkò yẹn, iná iwájú ń tàn sára ògiri. Kò ṣẹ́jú. Kò dín.

Ọkọ̀ ọdún 1977 ni, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò pọ̀ ní ilé iṣẹ́ Volkswagen lọ́nà Badagry l'Ékòó, níbi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Ìrọ̀lẹ́ àná ló dé láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì, wọ́n pààrọ̀ síìtì gíábọ́ọ̀sì, ìyẹn rọ́bà tó ń gbé e dúró. Wọ́n da ọ́ìlì tuntun sí i, lítà méjì ààbọ̀. Wọ́n fi pulọ́ọ̀gì tuntun mẹ́rin sí i. Kó tó lọ síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń yí i tó fi ń jí.

Aago 6:40. Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹrù jáde: àpótí kan, kúlà oúnjẹ méjì, aṣọ ẹbí nínú náílọ́ọ̀nù. Ìgbéyàwó wà l'Ọ́yọ̀ọ́ ní aago kan ọ̀sán. Ọmọ-ọmọ wọn méjì wọ ẹ̀yìn. Ẹrù dí wọn mọ́ àárín.

Aago 7:25. Ilé epo. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n ra epo. Tíṣà yí kọ́kọ́rọ́. Wọ̀ọ́, wọ̀ọ́. Ó dákẹ́. Ọlọ́kadà kan àti ọmọ tó ń ta epo bá wọn tì í. Ó fi í sí jíà kejì, ó já kílọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ ta kọ́ńkọ́, ó jí. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tíróótù. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń ké sókè fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì kó tó rẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó kà á sí.

Aago 8:15. Ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin tó ń gba iná sí bátìrì. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì ìjàpá wà, nítorí náà àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀, ẹrù sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ṣí àga. Mítà sọ pé fólítì 12.6. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ń wọ́lẹ̀. Mítà sọ pé 12.1.

"Bàbá, bátìrì yìí ò ṣe nǹkan kan."

Ó tú orí wáyà méjèèjì, ó fi sáńpépà fá wọn títí wọ́n fi ń dán, ó dè wọ́n le. Wọ̀ọ́, wọ̀ọ́. Ó gbé bátìrì mìíràn wá, ó fi jọ́ńpà so ó mọ́ èyí tó wà nílẹ̀. Bákan náà ló rí. Wọ́n tún tì í.

Aago 9:30. Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Ọ̀gá ti jáde. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní kíìkì, mọ́tò tó ń yí ẹ́ńjìnnì kó lè jí, ló ti rẹ̀, pé bí ọkọ̀ bá ti dàgbà, ooru ẹ́ńjìnnì ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún kíìkì rẹ̀. Wọ́n rán ènìyàn lọ ra tòkunbọ̀. Ó tú ti àtijọ́, ó fi tòkunbọ̀ sí i.

Aago 10:35. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Wọ̀ọ́, wọ̀ọ́, wọ̀ọ́. Wọ́n tún un yí. Wọ́n sinmi díẹ̀, wọ́n tún un yí.

"Màmá, nǹkan ń rùn," ni èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ náà wí.

Òórùn gíríìsì tó gbóná ni. Gbogbo wọn yíjú sí ẹ̀yìn, níbi tí ẹ́ńjìnnì wà. Kò sí èéfín níbẹ̀. Ìdí ọ̀pá jíà, láàárín àga iwájú méjèèjì, ni òórùn náà ti ń jáde.

Aago 10:50. Tíróótù ti le. Tíṣà tẹ̀ ẹ́, ó lọ sílẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò. Tíróótù kò gbéra. Ó fi imú bàtà rẹ̀ fà á sókè.

Aago 11:20. Rewáyà kan, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, dé, bàbá olórí ewú. Kò mú sípánà dání. Mítà ló mú, àti wáyà dúdú kan tó nípọn bí ìka.

"Kí lẹ sọ kalẹ̀ lánàá?"

"Gíábọ́ọ̀sì, sà."

Ó ní kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Ó fọwọ́ kan wáyà bátìrì. Tútù. Ó sùn sábẹ́ ọkọ̀, ó fọwọ́ kan wáyà kíìkì. Tútù. Ó na ọwọ́ sí wáyà kílọ́ọ̀ṣì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ ẹ̀gbẹ́ gíábọ́ọ̀sì. Ó fa ọwọ́ yọ, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Ó fi ẹnu mítà kan sórí òdì bátìrì, ó fi ìkejì kan ara gíábọ́ọ̀sì. "Ẹ yí i." Mítà gòkè sí 5. Níbẹ̀, kò yẹ kó ju ìdajì fólítì lọ.

Aago 11:45. Ó so wáyà dúdú rẹ̀ láti òdì bátìrì sí gíábọ́ọ̀sì. Tíṣà fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì jí lójú ẹsẹ̀.

Aago 12:10. Ọmọ iṣẹ́ da agolo nọ́ọ̀tì àlòkù sílẹ̀. Láàárín bóòtù àti wáṣà, bẹ́líìtì bàbà kan jáde, pẹlẹbẹ, tí wọ́n hun, tí ihò wà létí rẹ̀ méjèèjì. Ọ́ìlì ti bò ó. Ara ọkọ̀ yìí ni wọ́n ti tú u lánàá, kí gíábọ́ọ̀sì lè sọ̀. Rewáyà fá etí rẹ̀ méjèèjì, ó dè é padà sí àárín gíábọ́ọ̀sì àti ara ọkọ̀.

Aago 12:40. Wọ́n fa wáyà tíróótù jáde. Ó ti dúdú níbi méjì. Ike tó yẹ kó máa yọ̀ nínú rẹ̀ ti yọ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Rewáyà tẹ̀ ẹ́ wò. Ó ń já ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan.

Iná tó bá jáde ní bátìrì gbọ́dọ̀ padà sí bátìrì. Ara ọkọ̀ ni wọ́n so òdì bátìrì mọ́. Orí rọ́bà ni gíábọ́ọ̀sì jókòó lé, ẹ́ńjìnnì sì so mọ́ gíábọ́ọ̀sì. Bẹ́líìtì bàbà yẹn ni afárá tí iná kíìkì ń gbà bọ̀. Nígbà tí kò sí, iná wá ọ̀nà mìíràn: wáyà kílọ́ọ̀ṣì, wáyà tíróótù, wáyà bíréèkì ọwọ́. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ jù fún un. Wọ́n jẹ fólítì 5 nínú 12, kíìkì fi 7 tó kù wọ́ ẹ́ńjìnnì. Iná iwájú kò dín láàárọ̀ nítorí pé ara ọkọ̀ lòun ń gbà padà, kò ní í ṣe pẹ̀lú gíábọ́ọ̀sì. Bátìrì dára. Kíìkì tí wọ́n yọ dára. Gbogbo ìgbà tí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ láti dán wọn wò, wáyà tíróótù ni wọ́n ń sè.

Aago 2:30 ọ̀sán. Wọ́n ti fi wáyà tuntun sí tíróótù àti kílọ́ọ̀ṣì. L'Ọ́yọ̀ọ́, wọ́n ti so yìgì tán. Ká ní ẹ́ńjìnnì rọ́nà jí dáadáa láàárọ̀ ni, àárín tírélà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni tíróótù ì bá ti há, àwọn ọmọ méjèèjì lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì tó ń ké sókè kò sì ní í mọ̀ pé wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ìwọ́lẹ̀ tó bí wọn nínú látàárọ̀ ló dá wọn dúró n'Íbàdàn.