Bí Awọsánmà Òru Ṣe Dé Ṣábẹ̀ẹ́: 7 sí 8 Oṣù Keje, 2016

Ẹni tó bá ń jí ní oṣù Keje ní ilẹ̀ Yorùbá mọ irú àárọ̀ yìí dáadáa: sánmà á ti ṣú, oòrùn ò ní yọjú, bẹ́ẹ̀ òjò kan ò sì ní rọ̀. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ láti Áfíríkà àti Yúróòpù kóra jọ láti mọ bí awọsánmà náà ṣe ń dé. Wọ́n pe iṣẹ́ náà ní DACCIWA. Ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje, wọ́n to irinṣẹ́ sí ibùdó mẹ́ta: Kumasi ní Gánà, Ilé-Ifẹ̀ níhìn-ín, àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ sì ń gbéra láti Lomé.

Nínú gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi ṣọ́ sánmà Ṣábẹ̀ẹ́, wọ́n mú ọ̀kan tó jọ ọ̀pọ̀ yòókù, wọ́n sì tú u palẹ̀ wò fínnífínní: láti ìrọ̀lẹ́ 7 oṣù Keje di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ìfojúdá ni mo fi wákàtí ìsàlẹ̀ yìí ṣe, nítorí pé ìpele kan máa ń wọ inú èkejì ni.

Aago 4 ìrọ̀lẹ́

Ṣábẹ̀ẹ́ jìn sí òkun tó nǹkan bí kìlómítà 185. Afẹ́fẹ́ tútù tó ń ti òkun bọ̀ ti wọ ilẹ̀, àmọ́ kò tíì rìn jìnnà sí etíkun. Oòrùn ló dá a dúró. Ilẹ̀ ti gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń ru gùdù lọ sókè, ti òkè ń já wá sílẹ̀, rògbòdìyàn yìí kò sì jẹ́ kí atẹ́gùn gúúsù ìwọ̀-oòrùn rí àyè fẹ́ geere. Níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti kan afẹ́fẹ́ ilẹ̀ gbígbóná ni ojú ìpàdé àwọn méjèèjì wà, ibẹ̀ ló sì dúró sí.

Aago 7 alẹ́

Oòrùn wọ̀. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, afẹ́fẹ́ tó sún mọ́ ọn náà tutù. Rírú sókè rírú sódò dẹwọ́, ohun gbogbo pa rọ́rọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yìí gan-an ló ṣí ọ̀nà sílẹ̀, nítorí ohun tó ń dí atẹ́gùn lọ́wọ́ láti ọ̀sán ti kúrò.

Aago 9 sí 10 alẹ́

Ojú ìpàdé náà ti ń sún wọ inú ilẹ̀, ó ń lọ sí àríwá. Lókè, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan sí ilẹ̀, atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ẹni tó jókòó sí ìta ilé lè má fura, nítorí ibi tó ti le jù kò sí nítòsí ilẹ̀. Bàlúùnù tí wọ́n ń tú sókè àti ẹ̀rọ tó ń wọn atẹ́gùn láti ilẹ̀ ló rí i. Inú atẹ́gùn yìí ni afẹ́fẹ́ òkun bá dé Ṣábẹ̀ẹ́.

Aago 12 òru

Láti ibi tí atẹ́gùn ti ń sáré títí dé ìsàlẹ̀, ooru ń fi ìwọ̀n 1.2 lórí òṣùwọ̀n Celsius wálẹ̀ ní wákàtí kan. Ọ̀rinrin sì ń sún mọ́ òpin ohun tí afẹ́fẹ́ lè gbà. Nígbà tó yá jù, ó ń fi ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i ní wákàtí kan. Kò pọn dandan kí omi inú afẹ́fẹ́ pọ̀ sí i kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń tutù ni agbára rẹ̀ láti gbé omi ń dín kù. Ohun tó ń mú ike omi tútù làágùn lórí tábìlì náà nìyẹn.

Kí ló wá mú afẹ́fẹ́ náà tutù? Àwọn onímọ̀ náà pín in: èyí tó tó ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún wá láti inú afẹ́fẹ́ òkun tí atẹ́gùn gbé wá. Ooru tí afẹ́fẹ́ ń tú dà nù lóru kó ìdá 16, ooru tí afẹ́fẹ́ òkè ń pàdánù sí ìsàlẹ̀ kó ìdá 16 yòókù.

Aago 3 òru sí 5 ìdájí

Afẹ́fẹ́ kún fún omi dé góńgó. Omi tí ojú kò rí dì mọ́ èérún èéfín, iyọ̀ òkun àti eruku, ó di ẹ̀kán wínníwínní tí kò tó já bọ́. Awọsánmà dé, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì wà nítòsí ibi tí atẹ́gùn ti le jù. Nítorí náà, kì í ṣe pé awọsánmà yìí ti òkun rìn wá. Afẹ́fẹ́ ló rìn wá. Orí Ṣábẹ̀ẹ́ ló ti di awọsánmà.

Irú rẹ̀ ṣòro fún sátẹ́láìtì láti rí lóru. Ó wà nílẹ̀ jù, ooru rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ilẹ̀, awọsánmà gíga sì lè bò ó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tan ìmọ́lẹ̀ lésà láti ilẹ̀ lọ bá a, tí wọ́n sì ń fi àkókò tó fi padà mọ bó ṣe ga tó.

Aago 7 àárọ̀

Ilẹ̀ ti mọ́, àmọ́ oòrùn kò lè la awọsánmà náà kọjá. Títí di àsìkò yìí, orí awọsánmà ń tú ooru rẹ̀ dà sí òfuurufú, èyí tó ń mú kó nípọn sí i. Nísàlẹ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń pòpọ̀, ó sì ń tutù.

Aago 10 àárọ̀ sí ọ̀sán

Ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó ń já wálẹ̀ ti mú ilẹ̀ gbóná díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ru sókè. Ìsàlẹ̀ awọsánmà ń gòkè, ó ń fà ya, ó wá pín sí òkìtì òkìtì tí oòrùn ń gba àárín wọn yọjú. Bí ọ̀sán ṣe ń mú, rògbòdìyàn àná padà, atẹ́gùn tún pàdánù agbára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan owó. Ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà tí ayé fi ń ṣírò ojú ọjọ́ ni kì í fi awọsánmà ìsàlẹ̀ tó bó ṣe yẹ sórí agbègbè wa, oòrùn tí wọ́n ń kà fún wa sì máa ń pọ̀ ju ti òótọ́ lọ. Ẹni tó bá ń ra sólà, kó má fi oòrùn oṣù Kejì díwọ̀n ti oṣù Keje. Ẹni tó bá sì ń sá èlùbọ́ lásìkò yìí, kó ka ọjọ́ rẹ̀ láti ọ̀sán, kó má kà á láti àárọ̀.