Òpó Tí Ń Sọ̀rọ̀, Ṣé Ó Ń Gbọ́ran?

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2001 ni ìjọba Nàìjíríà ta ìwé àṣẹ GSM. Kí ọdún náà tó parí, MTN àti Econet ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, ìlú jìnnà síra, àpáta sì pọ̀. Agbára fóònù alágbèéká GSM kì í sábà ju wáàtì 2 lọ. Ti òpó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Nítorí náà, fóònù lè máa gbọ́ òpó, kí òpó má gbọ́ fóònù. Ìdí nìyí tí àwọn ẹnjiníà fi ń fi àmì tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí kò lágbára rárá, dán ẹ̀rọ tí òpó fi ń gbọ́ràn wò, tí wọ́n sì ń ka iye àṣìṣe tó bá jẹ yọ. Ẹ má ṣe jẹ́ ká máa ka òpó nìkan. Ẹ jẹ́ ká bèèrè bóyá wọ́n ń gbọ́ ohùn àgbẹ̀ tó wà lóko.